Ta Ni Ẹ̀fẹ̀ Ń Bá Wí?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọbìnrin Àgbádárìgì ń rò nípa ọkùnrin, kó má wulẹ̀ béèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sáláṣí. Kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí. Láti Àjárà títí dé ọjà Àgbálátà, irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kò wọ́n: tẹlifíṣọ̀n wà lára ògiri, Ègùn ń jáde lẹ́nu ẹnìkan, Yorùbá lẹ́nu ẹlòmíràn, Faransé díẹ̀ lẹ́nu oníbàárà tó ti Sẹ̀mẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ò sì ní tán títí irun á fi parí. Fíìmù Yorùbá ló sábà máa ń wà lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọ̀dọ́ bá pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á gbé eré apanilẹ́rìn-ín Amẹ́ríkà sí i, èyí tí ọmọbìnrin inú rẹ̀ ń bá ọkùnrin kan sùn lónìí, tó ń bá òmíràn jẹun lọ́la. Bí àgbàlagbà bá wọlé lásìkò náà, á pòṣé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ yín nìyẹn?" Wọ́n á ní, "Ẹ má bínú, mà." Wọ́n á dín ohùn rẹ̀ kù. Wọn ò ní pa á.

Mo gbà fún ìyá náà pé kó bínú. Ibi tó kọ ojú ìbínú rẹ̀ sí ni mo fẹ́ bá a jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan nínú àwọn eré náà, *Insecure*. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí HBO, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kébù Amẹ́ríkà, ní oṣù October 2016; ó parí ní December 2021 lẹ́yìn abala márùn-ún. Issa Rae àti Larry Wilmore ló dá a sílẹ̀. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà ni bàbá Issa Rae. Molly, lọ́yà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ nínú eré náà, Yvonne Orji ló ṣe é, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Port Harcourt. Ṣáájú rẹ̀, HBO kan náà ti ṣe *Sex and the City* láti 1998 sí 2004, wọ́n sì ṣe *Girls*, eré Lena Dunham, láti 2012 sí 2017. Ká má tan ara wa, ẹ̀yà ìtàn kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: ọmọbìnrin mẹ́rin nínú ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ owó, àti ọkùnrin tó wọlé lálẹ́ Jímọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Wọ́n ní irú eré báyìí lòdì sí ìwà ọmọlúàbí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òṣùwọ̀n wo la fi wọ̀n ọ́n? Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ń ṣàlàyé ọmọlúàbí ní 1975, àwọn ohun tó tò sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere sí ọmọnìkejì, òtítọ́, ìwà, ìwà akin, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Mo ti wo ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà síwá sẹ́yìn, n ò rí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ìdodo níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn baba wa ò ka ìkóra-ẹni-níjàánu sí. Wọ́n kà á sí gidi. Àwọn ìyàwó ilé tó ti dàgbà ṣì mọ ohun tí páálí ìṣáná tó kún ń wí fún ará ilé ìyàwó lẹ́yìn òru àkọ́kọ́ ìgbéyàwó, àti ohun tí èyí tó dín ń wí. Ṣùgbọ́n apá kan ìwà nìyẹn. Àwa ọmọ òde òní la gé ọmọlúàbí kù sí ibẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà la tún gé e kù sára ọmọbìnrin nìkan.

Àgbádárìgì gan-an ló yẹ kó mọ̀ pé òṣùwọ̀n yìí ti wọ́. Àlejò tó bá wá wo ìlú wa, wọ́n á mú un dé Brazilian Barracoon, àgbàlá Sẹ̀rìkí Williams Abass, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú pa mọ́ sínú yàrá kótópó kótópó. Òun fúnra rẹ̀, wọ́n kó o lẹ́rú nígbà tó wà lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wálé, òun náà sì di oníṣòwò ẹrú. Ó kú ní 1919. Ibojì rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó ń mú àlejò káàkiri á sọ pé ìyàwó 128 ló ní. Àlejò á la ẹnu sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ya fọ́tò. N ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pòṣé níbẹ̀ rí, kó ní ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ bàbá náà nìyẹn.

Ẹfúnróyè Tinúbú náà gbé ìlú yìí rí. Ó fẹ́ Adélé, ọba Èkó tí wọ́n lé kúrò lórí oyè tó sì wà ní ìgbèkùn lọ́dọ̀ wa. Ó ti lọ́kọ ṣáájú Adélé. Lẹ́yìn tí Adélé kú, ó tún fẹ́ balógun kan l'Ékòó. Ó kéré tán, ọkọ mẹ́ta nìyẹn. Ó ta iyọ̀, ó ta tábà, ó ta ènìyàn. Wọ́n lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, ó dé Abẹ́òkúta, ó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ó sì kú sípò ọlá ní 1887. Kò sí ọmọ Yorùbá tó jókòó láti ka ọkọ fún un, ohun tó sì dára ni pé a ò kà á. Bí a bá fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n ọmọlúàbí, àwọn tó tà ló yẹ ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn la ṣì ń fò bí ẹni ń fo ẹrẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá gbé Issa àti Molly sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ìdájọ́ wọn ò ní rọrùn o.

Ní abala kìíní, Issa ń gbé pẹ̀lú Lawrence. Lawrence ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó lórí àga gbọọrọ, tó ń sọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ tó máa dá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Issa ló ń sanwó ilé. Nígbà tí Lawrence wá ń jí dìde díẹ̀díẹ̀, Issa lọ bá Daniel, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ àtijọ́, sùn. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò kúrò níbi ibùsùn, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e: ó délé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń jẹ́ kí ọkùnrin tó ti padà bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Òtítọ́ ló fi dù ú. Lójú tèmi, ẹ̀ṣẹ̀ tó lòdì sí ọmọlúàbí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ká ní owó ló jí pa mọ́, ohun kan náà la máa bá wí.

Ti Molly ní abala kejì tún burú sí i. Dro, tó ti mọ̀ láti kékeré, ti gbéyàwó. Ó sọ fún Molly pé òun àti ìyàwó òun ti jọ gbà kí oníkálukú máa yan ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu Dro yìí ni Molly kọ́kọ́ gbára lé, ó sì wọ inú ilé onílé. Wọ́n ní agbẹjọ́rò ọlọ́pọlọ pípé ni! Agbẹjọ́rò tó gba ẹjọ́ ẹnìkan ṣoṣo dá, nínú ọ̀ràn tó kan obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sí níjókòó.

Síbẹ̀, ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo eré náà, kò sí ibùsùn nínú rẹ̀ rárá. Ní abala kẹrin, Issa ń ṣètò àríyá àdúgbò, ó sì nílò olórin ńlá kan. Andrew, ọ̀rẹ́kùnrin Molly, lè bá a mú un. Issa bẹ Molly. Molly ní rárá, òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ wọ àárín òun àti ọkùnrin òun. Issa gba ẹ̀yìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Andrew, ó sì rí olórin náà. Molly gbọ́ ọ ní gbangba, lọ́jọ́ àríyá gan-an, ó sì bú u níbẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ọ̀kan da ọ̀rẹ́, ìkejì ò mọ ibi tí a ti ń báni wí. Bí ẹ bá fẹ́ fi eré yìí kọ́ ọmọ yín lọ́mọlúàbí, abala kẹrin ni kí ẹ gbé sí i. Ọ̀pọ̀ òbí ò lè dé ibẹ̀, wọ́n ti pa tẹlifíṣọ̀n ní abala kìíní.

Níbí ni mo ti rántí alárinà. Ìgbà kan wà tí ọmọkùnrin kan ò lè dédé yọjú sí ọmọbìnrin kó ní òun fẹ́ ẹ. Alárinà ló ń lọ láàárín wọn, àgbà tó mọ ilé tọ̀tún-tòsì. Bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ dídùn lọ, bẹ́ẹ̀ làwọn ẹbí ń wádìí lábẹ́lẹ̀: ṣé wọn ò ní wèrè nílé yẹn, ṣé wọn ò jẹ gbèsè, ṣé wárápá ò sí níbẹ̀, ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́ àbí kò mọ́? Ọkùnrin ni wọ́n ń yẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ obìnrin wò. Ìgbà tí wọ́n bá ti gba ìjóhẹn, tí àwọn méjèèjì mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀ bá. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló fi tìpátìkúùkù dé ilé ọkọ tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tí fóònù ò ní: ó mọ ibi tí ọkùnrin náà ti wá.

Ẹ wá wo etíkun wa lópin ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ ńlá á já láti Èkó gba òpópónà Badagry, gbogbo kòtò àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ rẹ̀, títí dé etíkun Suntan tàbí ìhà Ìwóró. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ mọ orúkọ tí ọkùnrin náà ń jẹ́ lórí fóònù. Kò mọ ilé rẹ̀. Kò mọ̀ bóyá ìyàwó wà. Àwọn tó ń ta àgbọn létí òkun mọ̀ jù ú lọ, torí wọ́n ti rí ọkùnrin náà lọ́sẹ̀ tó kọjá pẹ̀lú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ta ló bi wọ́n?

Ohun tí *Insecure* ṣe dáadáa, tí n kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń bú u, ni pé ó dá alárinà padà. Issa, Molly àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, Kelli àti Tiffany, á jókòó ti oúnjẹ, wọ́n á tẹ́ ọkùnrin náà sílẹ̀ lórí tábìlì bí ẹja, wọ́n á yọ egungun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló sọ, ìgbà wo ló pè, kí ló dé tí kò jẹ́ kí o mọ ọ̀rẹ́ rẹ̀? Wọn kì í fìgbà gbogbo fúnni nímọ̀ràn rere, Kelli pàápàá, tí mo fẹ́ràn jù, ìmọ̀ràn rẹ̀ lè ba ilé mẹ́ta jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí ń wáyé, ẹlẹ́rìí sì wà. Ìyá tó ń pòṣé ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, tó bá fetí sílẹ̀ díẹ̀, á gbọ́ ìbéèrè tí ìyá tirẹ̀ bi àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Eré tiwa ńkọ́? Ní 2008, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé *Jénífà* jáde, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ AMAA fún òṣèrébìnrin tó dára jù ní 2009 nítorí rẹ̀. Súlíà, ọmọ abúlé Ayétòrò, wọ yunifásítì, ó rí àwọn "bigz girls", ó sọ ara rẹ̀ di Jénífà, àwọn ọ̀rẹ́ sì tì í dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọkùnrin olówó, àwọn tí ọmọ ilé-ìwé ń pè ní aristo. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ní ìparí, wọ́n sọ fún un pé ó ti kó kòkòrò HIV. Ní 2015, ó di eré tẹlifíṣọ̀n, *Jenifa's Diary*. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ níbẹ̀: Jénífà kọ́ iṣẹ́ irun, ó ń fi gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣẹ́ léegun bá Toyo Baby àti Kiki jà, ó ń fẹ́ra pẹ̀lú Sege, ó ń gbìyànjú láti jẹun nínú òógùn ara rẹ̀.

Mo fẹ́ràn Jénífà, mo sì gbà pé ó mọ ọmọlúàbí ju ọ̀pọ̀ ìwàásù lọ, torí ó rí i kedere pé àbùkù Súlíà kì í ṣe ọkùnrin tó yàn. Ó sẹ́ orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́. Wọ́n ní kí ọmọ rántí ọmọ ẹni tó ń ṣe, òun gbàgbé. Gbogbo yòókù wọlé gba ojú ihò yẹn. Ṣùgbọ́n níbi ìyà, fíìmù 2008 yẹn já mi kulẹ̀. Súlíà jìyà. Aristo rẹ̀, Alhaji, dà? Ó bọ́ sọ́kọ̀, ó lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ gbé omi ìwẹ̀ sílẹ̀ fún un, kámẹ́rà ò sì tẹ̀ lé e dé ibẹ̀. Àìsàn tí Súlíà kó, ta ló kó o ràn án? Ìtàn náà fẹsẹ̀ kọjá lórí ìbéèrè yìí, àwa òǹwòran náà ò sì bi í.

Àwọn baba wa ò ṣe ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn Àgbádárìgì, ní ilẹ̀ Yewa, ní Ìmẹ̀kọ, ní Kétu tó bọ́ sí Benin, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀ kí tẹlifíṣọ̀n tó dé. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 pé ọ̀kan pàtàkì ni nínú ogún tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu àti ìṣe gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ní òru ẹ̀fẹ̀, ọkùnrin á gbé agọ̀ jáde ní ọjà, á kọrin bú ìwà ìbàjẹ́ tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún: obìnrin tó ń rìn ìrìnkurìn, ọkùnrin tó ń bá ìyàwó aládùúgbò jẹun, olóyè tó jẹ owó ìlú. Gbogbo ayé á gbọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹni tọ́rọ̀ bá sì jù ú lọ́kọ̀ ò gbọ́dọ̀ bínú. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá ni wọ́n ń fi gbogbo rẹ̀ júbà. Ìbàdàn náà ní Òkè'Bàdàn, tí ọ̀rọ̀ inú orin rẹ̀ á mú kí ti *Girls* dà bí orin ìjọ. Torí náà, ẹni tó bá ní Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin òun obìnrin ṣe àwàdà ní gbangba, kò dé òde rí. Òfin tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀fẹ̀ kì í yan ẹni tó máa bá wí.

Lórí òfin yẹn, *Insecure* gba ìdajì. Ó bá Lawrence wí: oríṣiríṣi ìwà ọ̀lẹ rẹ̀, ìgbéraga rẹ̀ nígbà tó ríṣẹ́, ọmọ tí Condola, obìnrin mìíràn tó ti fẹ́, lóyún fún un nígbà tó ti fẹ́ padà sọ́dọ̀ Issa. Ọkùnrin ò ríbi sá sí. Ibi tó kù sí ni pé ayé inú rẹ̀ dẹ̀ jù. Ẹni tó bá ṣubú lórí tìmùtìmù ló ń ṣubú. Ilé tó dára á tún yọ, iṣẹ́ á tún yọ, ọkùnrin tó rẹwà á tún kanlẹ̀kùn. Ọmọ Àgbádárìgì tó ń wò ó, tí kò ní ju owó ọkọ̀ padà sílé, kò ní tìmùtìmù kankan. Ní 2017 pàápàá, àwọn òǹwòran pariwo pé kò jọ pé àwọn ènìyàn inú eré náà ń lo kọ́ńdọ̀mù. Issa Rae fèsì pé àwọn ti gbọ́, àwọn á túbọ̀ ṣe dáadáa. N ò mọ ọ̀pọ̀ òṣèré tàbí olóṣèlú tiwa tí wọ́n bá wí ní gbangba tó dáhùn báyẹn. Ẹni tó gba ìbáwí láìbú ẹni tó bá a wí, ohun tí a kọ́ ọmọ nílé ló ṣe.

Ti Yvonne Orji tún yàtọ̀. Obìnrin tó ń ṣe Molly, tó ń ti ọwọ́ ọkùnrin kan bọ́ sí tòmíràn lórí tẹlifíṣọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba, kódà lórí pèpéle TEDx ní 2017, pé òun ti pinnu láti dúró de ọjọ́ ìgbéyàwó. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti pẹ́ sẹ́yìn jù. Àwọn mìíràn ní alágàbàgebè ni, báwo ló ṣe lè ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ò ní béèrè ìyẹn. Ọkùnrin ló ń gbé ojú obìnrin sórí lọ́jà, kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e délé láti lọ wò bóyá ó lóyún. Ní 2020, HBO gbé àwàdà tirẹ̀ nìkan jáde, *Momma, I Made It!*, ó gbé kámẹ́rà wá sí Nàìjíríà, ó mú àwọn òbí rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó sì fi ohùn wọn pa wá lẹ́rìn-ín láìtàbùkù wọn. Súlíà ìbá rí i kó kẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn babaláwo náà ní ìtàn tí mo fẹ́ kí ìyá ṣọ́ọ̀bù onídìrí rántí. Ìwà, wọ́n ní, obìnrin ni, aya Ọ̀rúnmìlà. Kì í ṣe aya tó mọ́ tónítóní; ó ní àléébù, ọkọ rẹ̀ sì ń ráhùn lé e lórí lójoojúmọ́ títí ó fi kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Bó ṣe lọ, iyì Ọ̀rúnmìlà lọ. Ọ̀rúnmìlà ló wá gbéra, tó ń ti ilé dé ilé béèrè ẹni tó bá òun rí Ìwà. Nínú gbogbo àlàyé tí a ń ṣe lórí ìtàn yìí fún àwọn ọmọbìnrin, a kì í dúró níbi tí ọkùnrin ti ń rìn lábẹ́ oòrùn, tó ń wá ohun tí ẹnu ara rẹ̀ lé jáde.

Eré tí mo ń retí báyìí, etíkun wa ni kí wọ́n ti yà á. Kí ó dá lórí ọkùnrin inú ọkọ̀ ńlá yẹn. Kí a rí i nígbà tó ń pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù pé ìpàdé iṣẹ́ ló mú òun dé Àgbádárìgì, tí ìgbì òkun ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, tó ń ní, "Jẹnẹrétọ̀ ni, dáálì." Kí a rí i nígbà tí ẹni tó ń ta àgbọn bá dá a mọ̀. Kí kámẹ́rà tẹ̀ lé e gba ojú pópó Badagry yẹn padà, kòtò dé kòtò, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kó sì wọlé. Falz, tó ṣe Sege nínú *Jenifa's Diary*, ni kí wọ́n gbé e fún. Ó ti gba àmì ẹ̀yẹ AMVCA ní 2016 nítorí Sege, ó mọ bí a ṣe ń fi gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ já parọ́ fún obìnrin, ó sì ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n lè pè ní Alhaji.